Bí A Ṣe Ń Dá Owó Lé Iṣẹ́ Detailing Mọ́tò ní Òṣogbo, Tí Iṣẹ́ Náà Fi Lè Bọ́ni

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ detailing (fífọ inú àti ìta mọ́tò fínnífínní, ká sì mú un dán) dáadáa ní Òṣogbo ni kì í rí owó kan pàtó tọ́ka sí tí oṣù bá parí. Mọ́tò ń wọlé, ọwọ́ ò dilẹ̀, àwọn èèyàn ń yìn wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á máa wá ẹni tó máa yá wọn lówó. Iṣẹ́ erin, ìjẹ èlírí. Ọwọ́ wọn kọ́ ló ní àléébù, owó tí wọ́n ń pè ni. Wọ́n á wo iye tí àwọn tó ń fọ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń gbà, wọ́n á fi díẹ̀ lé e, wọ́n á ní ìyẹn ni owó iṣẹ́ àwọn. Ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú fọ ara mọ́tò àti ẹni tó fi wákàtí márùn-ún jókòó ti àga, kápẹ́ẹ̀tì àti òrùlé inú mọ́tò, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Inú wákàtí ni owó iṣẹ́ wa ti ń wá. Ẹni tí kò bá mọ iye tí wákàtí kan ń ná an, ìméfò ni gbogbo iye tó bá ń pè. Nítorí náà, mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fọ àga níbí. Bí ẹ ṣe máa dé orí iye tó tọ́, tí ẹ ó sì gbà á láìjà, ni mo fẹ́ bá yín rìn.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ò ní fi ṣe nǹkan mìíràn.
- Àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó jáde lọ́wọ́ yín nínú oṣù kan, ó kéré tán. Bí kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lónìí, kí ẹ padà wá sídìí ìṣirò yìí lẹ́yìn oṣù kan.
- Ìwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun, àti kọ́ọ̀pù tí wọ́n fa ìlà sí.
- Fóònù tó lè ya fídíò, tó sì lè ka ìṣẹ́jú.
- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an.
- Àkáǹtì báǹkì tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń jẹun.

1. Ẹ wá iye tí wákàtí kan ń ná yín

Ẹ kọ gbogbo owó tó gbọ́dọ̀ jáde lóṣù, yálà mọ́tò wá tàbí kò wá. Iye tí mo kọ síbí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Owó àyè: ₦30,000
Owó ọmọ iṣẹ́ kan: ₦70,000
Iná àti omi: ₦20,000
Fóònù àti data: ₦10,000
Owó ẹ̀rọ: ₦25,000
Owó ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì: ₦15,000
Owó oṣù tiyín: ₦150,000
Àpapọ̀: ₦320,000

Ìlà mẹ́ta wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń fò. Àkọ́kọ́ ni owó ẹ̀rọ. Tí ẹ̀rọ tó ń fọn omi, ẹ̀rọ polish, èyí tó ń fa ìdọ̀tí àti jẹnẹrétọ̀ bá jẹ́ ₦600,000 lápapọ̀, tí ẹ sì rò pé wọ́n á lo ọdún méjì, ₦25,000 ni wọ́n ń jẹ lóṣù. Ẹ̀rọ ń kú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹ bá kọ ọ́ bí ẹ ò sì kọ ọ́. Èkejì ni ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì: dígí tó fọ́, bọ́tìnnì tó já, táyà tí ẹ ní láti vọ́kanáísì fún oníbàárà. Ẹ̀kẹta ni owó oṣù tiyín. Ó máa ń dùn mí bí àgbà oníṣẹ́ bá ní òun máa ń mú "ohun tó bá ṣẹ́ kù". Ohun tó ṣẹ́ kù kì í ṣe owó oṣù. Owó tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 pé ó kéré jù fún òṣìṣẹ́ lóṣù jẹ́ ₦70,000. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́, tí ẹ tún gbé owó ara yín kalẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́.

Ó wá kan wákàtí. Ká sọ pé ẹ ń ṣí fún ọjọ́ 26 lóṣù, wákàtí 8 lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ 208.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe fi 208 pín in. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á rí ₦1,538, inú wọn á dùn pé iṣẹ́ àwọn ò wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú wákàtí 8 yẹn, ẹ dúró de oníbàárà tó ní òun ti wà ní Ọláìyá láti àárọ̀, ẹ lọ ra ọṣẹ, òjò rọ̀, iná lọ, ẹ dáhùn ìbéèrè lórí WhatsApp. Wákàtí tí mọ́tò fi wà níwájú yín, tí ẹnì kan sì máa sanwó rẹ̀, ló ń jẹ́ wákàtí iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kékeré, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mẹ́rin lójúmọ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 100 lóṣù.

₦320,000 tí a pín sí 100 jẹ́ ₦3,200. Iye tí wákàtí kan ń ná yín nìyẹn, kí ẹ tó ra ọṣẹ, kí ẹ tó bu bẹntiróòlù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú mọ́tò mẹ́ta tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn. Ẹ yọ owó ọṣẹ àti epo kúrò nínú ohun tí ẹ gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi iye wákàtí tó gbà pín èyí tó kù. Tí kò bá tó iye wákàtí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí, ẹ̀yin lẹ bá oníbàárà san apá kan owó fífọ mọ́tò rẹ̀.

2. Ẹ wọn ohun tí mọ́tò kan ń jẹ

Ẹ gbé ike ọṣẹ àga tí ẹ ń lò lọ́wọ́. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi bíírò fa ìlà síbi tí ọṣẹ dé báyìí. Ẹ ṣe mọ́tò kan tán, kí ẹ fa ìlà mìíràn. Ohun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni mọ́tò yẹn jẹ. Ẹ ṣe é fún mọ́tò mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ó rí i pé nǹkan kan náà ni Corolla tó dọ̀tí díẹ̀ máa ń jẹ, àti pé Sienna tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ń jẹ jù ú lọ dáadáa.

Pọ́líìṣì kì í hàn látara ike, torí náà ìwọ̀n ni kí ẹ lò fún un. Tí ike 1,000 gíráàmù bá jẹ́ ₦20,000, tó wọn 1,080 tike-tike kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tó sì wọn 1,020 nígbà tí ẹ parí, 60 gíráàmù lẹ lò. ₦1,200 nìyẹn. Fóòmù orí ẹ̀rọ polish tí ẹ rà ní ₦6,000 tó ṣe mọ́tò mẹ́wàá, ₦600 ló ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka aṣọ microfibre tí ẹ fi ń nu mọ́tò náà bẹ́ẹ̀.

Fún bẹntiróòlù, ẹ kún tánkì jẹnẹrétọ̀ dé ibi àmì kan, ẹ ṣiṣẹ́, kí ẹ fi kọ́ọ̀pù onílà wọn èyí tí ẹ fi dá a padà sí ibi àmì yẹn. Àwọn kan máa ń yọ owó epo kúrò lọ́jọ́ tí iná bá wà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo iye epo tí ẹ jó lóṣù, ẹ pín in kárí wákàtí iṣẹ́, kí iye tí ẹ ń pè má bàa máa yí bí iná ṣe ń yí.

Ìkìlọ̀: ibi tí ọṣẹ ń bá omi lọ jù ni pípò ó. Bí ara ike bá ní ọṣẹ kan sí omi mẹ́wàá, tí ọmọ iṣẹ́ ń fojú bù ú tó fi di ọṣẹ kan sí omi mẹ́rin, ẹ ti ná ju ìlọ́po méjì lọ. Àga náà ò sì ní mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ tó kù sínú aṣọ àga á máa lẹ̀, á máa mú eruku, oníbàárà á padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé àga tún ti dúdú.

3. Ẹ ka wákàtí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kọ iye sílẹ̀

Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú láti ìgbà tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò títí dé ìgbà tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́. Kíká láti ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì kan àga nìkan kò tó. Kíkó ẹrù jáde, gbígbé àga, dídúró kó gbẹ, gbogbo rẹ̀ ni wákàtí.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Inú Corolla pátápátá, ká sọ pé wákàtí 5:

Wákàtí 5 ní ₦3,200: ₦16,000
Ọṣẹ àti ohun èlò: ₦3,500
Epo: ₦2,000
Ohun tí iṣẹ́ náà ná yín: ₦21,500
Èrè, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún: ₦4,300
Iye tí ẹ máa pè: ₦25,800, ẹ jẹ́ kó di ₦26,000.

Ẹnì kan lè bi yín pé kí lèrè tún ń wá nígbà tí owó oṣù ti wà nínú ₦3,200. Owó oṣù ni ẹ fi ń gbọ́ bùkátà. Èrè ni ẹ máa fi ra ẹ̀rọ kejì, òun náà ni ẹ máa fi gba oṣù tí mọ́tò bá ṣọ̀wọ́n kọjá.

Sienna onílà àga mẹ́ta ńkọ́? Tó bá gba wákàtí 7, ₦22,400 nìyẹn, ọṣẹ ₦5,000, epo ₦2,800, àpapọ̀ ₦30,200. Ẹ fi ìdá ogún lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦36,500. Ẹ rí i pé "ẹ fi ₦2,000 lé ti Corolla, mọ́tò ńlá ni" tí àwọn èèyàn máa ń ṣe, àdánù gbáà ni.

Iṣẹ́ iná iwájú tó ti pọ́n yẹ kó ní iye tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀bùn. Sáńpépà 1000, 2000, 3000, lẹ́yìn náà pọ́líìṣì, lẹ́yìn náà ohun tó máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Ẹni tó bá fo èyí tó kẹ́yìn láti lè gba owó pọ́ọ́kú, iná náà á tún pọ́n láàárín oṣù díẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni oníbàárà á sì máa fi sọ̀rọ̀.

Ní ti ceramic coating, ìyẹn ohun olómi tí wọ́n ń fi bo ọ̀dà mọ́tò láti dáàbò bò ó, ẹ má tíì fi sínú ìwé iye yín tí ẹ ò bá ní ibi tó ní òrùlé tí eruku ò lè wọ̀. Lásìkò ọyẹ́ ní Òṣogbo, eruku á bà lé e kó tó gbẹ, ẹ ó sì tún fi ẹ̀rọ polish há gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti ní ibi náà, kó ka gbogbo ọjọ́ tí mọ́tò fi gba àyè mọ́ owó rẹ̀, torí kò sí mọ́tò mìíràn tó lè wọlé síbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ìwé iye yín hàn ọmọ iṣẹ́. Ẹ ṣàpèjúwe mọ́tò kan fún un, kí ó sọ iye rẹ̀ láìbi yín. Tí iye tí òun sọ àti iye tí ẹ̀yin ní lọ́kàn bá jìnnà síra, ìwé náà ò tíì yé ẹlòmíràn.

4. Ẹ yẹ mọ́tò wò kí iye tó jáde lẹ́nu yín

Ẹni tó bá pe owó lórí fóònù láì rí mọ́tò ti fi ara rẹ̀ dẹ okùn. Lórí fóònù, ẹ sọ pé "ó bẹ̀rẹ̀ láti ₦26,000, tí a bá ti rí i, a ó mọ iye tó kù." Tí mọ́tò bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹni tó ni í wà níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú. Ẹ ní kó ṣíná. Ẹ ya fídíò dáṣíbọọ̀dù: iná wo ló ń tàn, epo dé ibo, máìlì ẹ mélòó? Ẹ tẹ wíńdò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rédíò, AC. Mo tẹnu mọ́ iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ jáde nígbà ìjàǹbá) gan-an. Okùn oníyẹ́lò tó wà lábẹ́ àga iwájú, tí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà tí iná mọ́tò wà lórí, iná airbag á tàn, kò sì ní kú títí wọ́n á fi fi ẹ̀rọ pa á. Tó bá ti ń tàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí ẹ ò ní fídíò, ọrùn yín ló máa wà.

Ẹ gbóòórùn. Tí mọ́tò bá ní òórùn aṣọ tí kò gbẹ, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ èrò sókè, kí ẹ tẹ abẹ́ rẹ̀. Tó bá tutù nígbà tí òjò ò rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí omi AC ń gbà jáde ti dí, kí omi náà máa ṣàn sínú. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ AC ni kó kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òórùn á padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní ẹ ò mọ iṣẹ́.

Ẹ wo òrùlé inú. Tó bá ti ń wú tàbí tó ń já díẹ̀ létí, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń kú. Omi púpọ̀ á jẹ́ kó já wálẹ̀ pátápátá. Ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ yọ òrùlé kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Ní ìta, ẹ fi èékánná kọjá lórí ibi tó ha. Tí èékánná bá kọ́ ọ, polish ò lè mú un kúrò. Ẹ má ṣèlérí. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àti mọ́tò tó ti gbó ló ti dé ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà rí: ẹ fi ọwọ́ yí pọ́líìṣì díẹ̀ síbi tó fara sin, kí ẹ wo aṣọ. Tí àwọ̀ mọ́tò bá hàn lára aṣọ, kò sí clear coat (ọ̀dà tó mọ́ gaara tó ń bo àwọ̀ mọ́tò) lórí ibẹ̀ mọ́ tàbí kò sí níbẹ̀ rí, ẹ̀rọ polish lè wọ inú ọ̀dà lọ kíá. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ sùúrù, wákàtí rẹ̀ á lé, owó rẹ̀ náà á lé.

Ìkìlọ̀: owó, ìwé, ẹ̀gbà ọrùn, gbogbo ohun tó bá wà nínú mọ́tò, ẹni tó ni í ni kó kó o jáde fúnra rẹ̀. Tí kò bá kó o, ẹ kó o sínú àpò kan lójú rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: fídíò wà lórí fóònù, ẹ ti kọ àwọn àléébù sílẹ̀, ẹ sì ti fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, ó ti dáhùn. Tí ìdáhùn ò bá tíì wọlé, ẹ má tíì tan ẹ̀rọ.

5. Ẹ pe owó náà, kí ẹ sì dúró tì í

Ní Òṣogbo, wọ́n máa ná yín. Kì í ṣe ìwọ̀sí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ra nǹkan. Àwọn oníṣẹ́ kan á ní kí ẹ fi púpọ̀ lé owó láti ìbẹ̀rẹ̀ kí àyè lè wà fún ìnájà. Mo lòdì sí i. Ẹni méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà ní Abẹ́rẹ́ á bá ara wọn sọ ọ́: ọ̀kan san ₦35,000, ẹnìkejì ná an dé ₦22,000, inú mọ́tò kan náà. Ẹ ti pàdánù àwọn méjèèjì.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ gé iṣẹ́ bí wọ́n bá gé owó.

"Ọmọ mi, ₦26,000 pọ̀ jù. Gba ₦15,000."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Iṣẹ́ ₦15,000 wà, sà. A máa fa ìdọ̀tí inú rẹ̀, a máa nu dáṣíbọọ̀dù àti ilẹ̀kùn, a máa fọ ìta. Àga, kápẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ni kò ní sí níbẹ̀. Èwo ni ká ṣe fún yín, sà?"

Ẹ wo bí iṣẹ́ ₦15,000 náà ṣe rí: wákàtí méjì àbọ̀ jẹ́ ₦8,000, ọṣẹ àti epo ₦2,500, èrè ₦2,100, kò ju ₦12,600 lọ. Ẹ ò pàdánù, bàbá náà ò sì rí i bí ẹni pé ẹ lé òun. Ọ̀pọ̀ á padà sí ₦26,000 fúnra wọn tí wọ́n bá gbọ́ pé àga ò sí níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bu ọlá fún ẹnì kan, ẹ lè yọ díẹ̀ nínú èrè. Àmọ́ ₦21,500 ni ilẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí i, bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni, bó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni. Ẹni tí ẹ fẹ́ fún lẹ́bùn, ẹ fún un lẹ́bùn gidi, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ̀bùn.

Ìkìlọ̀: àwọn awakọ̀ tó gbé mọ́tò ọ̀gá wọn wá lè ní kí ẹ kọ iye tó ju ohun tí ẹ gbà lọ sórí risíìtì. Ẹ má ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi nǹkan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú oníbàárà wá, ẹ yọ ọ́ láti inú owó tiyín, kí iye orí risíìtì jẹ́ iye tó wọlé.

6. Owó kí ó wọlé kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde

Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bá ju wákàtí mẹ́ta lọ, ìyókù kí wọ́n tó gbé mọ́tò. Ẹ kọ òfin yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó má bàa dà bíi pé ẹnì kan lẹ fura sí. Ẹ má ṣe gba àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù oníbàárà gbọ́, àní èyí tó wọlé sórí fóònù tiyín pàápàá, títí ẹ ó fi ṣí áàpù báǹkì yín tí ẹ sì rí i pé owó ti lé. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀.

Ní ti àwìn, tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú yín nìkan ni kí ó jẹ́, kí ọjọ́ ìsanwó sì wà nínú ìwé náà.

7. Ẹ ṣètò ọjọ́ àti oṣù yín bí ìlú ṣe ń rìn

Ọjọ́ Jímọ́ àti Sátidé máa ń kún nítorí òde àti ìsìn, Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun máa ń ṣófo. Ọjọ́ tó ṣófo ni ti àwọn tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀. Wọ́n máa ń ná owó dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n máa ń gbé wá. Ẹ lè yọ èrè kúrò fún wọn ní Ajé àti Ìṣẹ́gun, kì í ṣe lọ́jọ́ Jímọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ ní Òṣogbo, nítorí náà òpin oṣù ni iṣẹ́ ńlá máa ń bọ́ sí. Ìfiránṣẹ́ yín lórí WhatsApp kí ó jáde ní ọjọ́ tí owó oṣù wọlé, kì í ṣe ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Oṣù Kẹjọ ọdún Ọ̀ṣun, Iléyá, àti oṣù Kejìlá tí ìgbéyàwó pọ̀, ẹ ra ọṣẹ sílẹ̀ ṣáájú wọn, kó tó wọ́n. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ pupa á mú kápẹ́ẹ̀tì wá, àmọ́ àga ò ní gbẹ bọ̀rọ̀, ẹ fi wákàtí gbígbẹ kún iye. Ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́tò tí àga rẹ̀ ṣì tutù.

Àwọn tó ń lọ ṣe é nílé oníbàárà, láti Òkè-Bálẹ̀ lọ sí Dada Estate, ẹ ka wákàtí ìrìnnà mọ́ wákàtí iṣẹ́, kí ẹ sì béèrè ṣáájú bóyá omi àti iná wà.

8. Ẹ pín owó ní ọjọ́ tó wọlé

₦26,000 wọlé lórí Corolla. Ẹ dá ₦5,500 padà sídìí ọṣẹ àti epo. Nínú ₦16,000 owó wákàtí, ₦6,500 lọ sí àyè, ọmọ iṣẹ́, iná àti fóònù, ₦1,250 sí ẹ̀rọ, ₦750 sí ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì. Ohun tó jẹ́ tiyín láti jẹ jẹ́ ₦7,500. ₦4,500 tó kù, èrè ni, kó dúró sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ yẹn. Ẹ wo ₦7,500 yẹn dáadáa: ẹni tó bá na ₦26,000 bí ẹni pé tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó ti jẹ owó ọmọ iṣẹ́ àti ti ẹ̀rọ tí kò tíì bàjẹ́.

Ó tún fi hàn yín pé mọ́tò 20 irú èyí lẹ nílò lóṣù kí ₦150,000 tó pé, bíi márùn-ún lọ́sẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 12 ló ń wá, ẹ má ṣe sáré gbé owó sókè láti fi dí àlàfo náà. Ẹ dín owó tó ń jáde kù: ọmọ iṣẹ́ kí ó máa gba owó lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan dípò owó oṣù, tàbí kí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn jọ pín àyè. Tí ó bá ju 20 lọ fún oṣù mẹ́ta léraléra tí ẹ sì ń dá èèyàn padà, ìgbà yẹn ni owó tó gbé sókè.

Ẹ tún ìṣirò ìpele 1 àti 2 ṣe ní gbogbo oṣù mẹ́ta, tàbí lọ́jọ́ tí bẹntiróòlù bá fò sókè. Tí iye tuntun bá jáde, ẹ sọ fún àwọn oníbàárà àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ gba iye àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù kan: ẹ fi orúkọ àwọn tó padà wá wé ti oṣù tó ṣáájú. Tí ẹnì kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá kò bá padà wá, tí owó tó wọlé sì pọ̀ sí i, iye náà dúró. Tí ó bá tó mẹ́rin tí kò padà, ẹ pe méjì nínú wọn lórí fóònù, kí ẹ béèrè bóyá owó ni tàbí iṣẹ́, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.